Ẹ Bá Wa Sọ Ẹrù Yìí

Ẹ̀yin bàbá mi, ẹ̀yin ìyá mi, ẹ̀yin òṣìṣẹ́-fẹ̀yìntì tí ẹ ti fi agbára ìgbà èwe yín sin ìlú kí ẹ tó wá jókòó síbí lónìí,  àwọn tó pè mí ní kí n wá sọ̀rọ̀ lórí ẹrù ayé: èwo ló yẹ ká máa rù nìṣó, èwo ló yẹ ká sọ̀ kalẹ̀. Mo dúpẹ́ pé wọn ò ní kí n wá wàásù. Ìwàásù lórí ọ̀rọ̀ yìí ti pọ̀. “Fọkàn balẹ̀.” “Má ronú jù.” “Dárí jì wọ́n.” Ẹni tó gbọ́ ọ padà sílé, ẹrù rẹ̀ ṣì wà lórí rẹ̀ bó ṣe wà. Ìdí tí kò fi lè sọ̀ ọ́ ni mo fẹ́ bá yín yẹ̀ wò.

Ẹni tó bá ti ná ọjà Bódìjà n'Ìbàdàn rí mọ àwọn alábàárù. Ẹ wo ẹni tó ru àpò ẹ̀wà. Kò dá a gbé rù. Ènìyàn méjì ló gbé e lé e lórí òṣùká. Nígbà tó bá dé ìdí mọ́tò, kò lè dá a sọ̀. Ọrùn rẹ̀ ti le, iwájú nìkan ni ojú rẹ̀ ń wò, á dúró gbagidi, á ké sí ẹni tó bá wà nítòsí pé, “Ẹ bá mi sọ̀ ọ́ o!” Bí ẹnikẹ́ni kò bá dá a lóhùn, á jẹ́ pé kó dúró síbẹ̀, tàbí kó jù ú lulẹ̀ kí àpò bẹ́, kí ẹ̀wà fọ́n sínú ẹrẹ̀, kó sì di ẹjọ́ láàárín òun àti ẹni tó ni ẹ̀wà.

Ohun tí mo ní í sọ kò ju èyí lọ. Ẹrù tó ń ṣẹ́ wa lọ́rùn, ọwọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn ló gbé e rù wá, ọwọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn náà ló gbọ́dọ̀ bá wa sọ̀ ọ́. Bí ẹnì kan bá dá ti tirẹ̀ jù sílẹ̀, wọ́n á ní ahun ni, wọ́n á ní kò gbọ́n, wọ́n á ní ó sin ìyá rẹ̀ bí ẹni sin ajá.

Òkú àgbà ni n ó fi bẹ̀rẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni ẹrù ti wúwo jù, kò sì ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Samuel Johnson, àlùfáà tó kọ ìtàn àwọn Yorùbá, tí ìwé rẹ̀ kò jáde títí di 1921, ogún ọdún lẹ́yìn ikú rẹ̀, ṣàlàyé bí ìwọ̀fà ṣe rí láyé àtijọ́. Ẹni tó bá yáwó lè fi ara rẹ̀ sọfà; ó lè fi ọmọ tàbí àbúrò rẹ̀ sọfà. Iṣẹ́ tí ìwọ̀fà bá ṣe lóko olówó, èlé nìkan ló ń bá lọ. Kò dín owó ẹyọ kan ṣoṣo nínú ojú owó. Ó lè ṣe ọdún mẹ́wàá níbẹ̀, kí gbèsè náà dúró digbí bó ṣe wà lọ́jọ́ tí wọ́n yá a. Ìnáwó òkú sì wà lára ohun tó sábà máa ń sọ ọmọ ènìyàn di ìwọ̀fà. Ẹ rò ó wò. Bàbá àgbà kú, ìlù dún, ẹran pọ̀, àna jẹ, àna mu. Nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ rọ̀, ọmọ-ọmọ olóògbé tí kò tíì tó ọkọ́ gbé ti wà lóko olóko, ó ń kọ ebè. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì padà fòfin de ìwọ̀fà. Ohun tó ń bí ìwọ̀fà kò gbọ́ òfin.

Ẹ jẹ́ ká ka ìwé ìnáwó òkú àgbà kan ti ayé òde òní. Owó máṣúárì, tó ń gun orí ara rẹ̀ lójoojúmọ́ nítorí pé ọmọ tó wà ní Kánádà kò tíì rí àyè gbà níbi iṣẹ́. Pósí. Ọkọ̀ òkú àti àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń gbé pósí jó. Àìsùn. Kánópì àti àga. Màlúù. Aṣọ ẹbí ọ̀nà mẹ́ta: ti àwọn ọmọ, ti àwọn ẹ̀gbọ́n àti àbúrò, ti ẹgbẹ́ àti ọ̀rẹ́. Olórin, onífídíò, alásè. Lẹ́yìn gbogbo rẹ̀, ike tí wọ́n lẹ fọ́tò olóògbé mọ́ ìdérí rẹ̀, èyí tí a ó pín fún àwọn tó ti jẹ àjẹyó. Ta ni yóò san án? Àkọ́bí, òṣìṣẹ́ ìjọba, lọ yáwó lẹ́gbẹ́ alájẹṣẹ́kù; wọ́n á máa yọ ọ́ nínú owó oṣù rẹ̀ fún ọdún méjì. Ọmọbìnrin tó ń ta aṣọ ní ọjà Gbági kó wọnú owó gbọ́mú-lé-lántà, èyí tí wọ́n ń san lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, tó sì jẹ́ pé bí ẹnì kan nínú ẹgbẹ́ kò bá rí san, àwọn yòókù ni yóò san án fún un. Àbíkẹ́yìn tó wà ní Manchester ń fi iṣẹ́ alẹ́ lé iṣẹ́ ọ̀sán, ó ń tọ́jú arúgbó ẹlòmíràn lóru, kí àwọn ènìyàn tí kò mọ iye tó ń wọlé fún un lè wọ léèsì kan náà nílé.

Mo mọ ìdílé kan tí ìyá wọn ní ẹ̀jẹ̀ ríru. Bí oògùn bá kù díẹ̀, ìyá á máa gé hóró kan sí méjì, á lo ìdajì láàárọ̀, á fi ìdajì sínú bébà di ọjọ́ kejì, nítorí kò fẹ́ máa pe àwọn ọmọ ṣáá. Àwọn ọmọ kò burú. Owó ló ń pẹ́ dé, oníkálùkù sì ń ronú pé ẹnì kejì ti fi ránṣẹ́. Nígbà tí ìyá kú, wọ́n ṣèpàdé lórí fóònù lálẹ́ ọjọ́ náà gan-an, kí ilẹ̀ sì tó mọ́, owó màlúù méjì ti pé. Mi ò sọ èyí láti dá wọn lẹ́bi. Ẹnikẹ́ni nínú ìdílé kò pe ìpàdé lórí oògùn rí, kò sì sí ará àdúgbò tí yóò bi ọmọ léèrè ní gbangba pé oògùn ìyá rẹ̀ dà. Ojú gbogbo ayé wà lára òkú. Òkú ò sì mọye à ń ràgọ̀.

Mi ò ní ká má ṣe ẹ̀yẹ òkú. Ìlù yẹ òkú àgbà. Kí àwọn ọmọ-ọmọ gbọ́ oríkì ìdílé wọn láti ẹnu ìyá arúgbó kan tó ṣì mọ̀ ọ́n, ó yẹ. Kí ará àdúgbò wá jókòó ti opó fún ọjọ́ mélòó kan kí ó má bàa dá wà, èyí yẹ ju gbogbo rẹ̀ lọ, owó sì kọ́ ló ń ṣe é. Ẹ̀yin mùsùlùmí ni ẹ̀sìn yín tilẹ̀ rọrùn jù lórí ọ̀rọ̀ yìí: aṣọ funfun, àdúrà, ilẹ̀, lọ́jọ́ kan náà. Ó dùn mí pé a wá lọ fi ìnáwó fídáù ọjọ́ kẹjọ dípò èyí tí ẹ̀sìn ti bá wa yọ kúrò. Ní Ìpínlẹ̀ Anambra, ìjọba ṣe òfin ní 2019 pé òkú kò gbọdọ̀ ju oṣù méjì lọ ní máṣúárì. Mo yìn wọ́n fún ìgboyà. Síbẹ̀, òfin Báńkì Àpapọ̀ ti 2007 ti sọ pé ẹni tó bá ń ná owó lójú agbo lè ṣẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà tàbí kó san 50,000 náírà, ẹ̀yin náà sì mọ ohun tí ojú yín ń rí lóde àríyá ní ọjọ́ Sátidé. Ọlọ́pàá kò lè bá wa sọ irú ẹrù yìí.

Nípa àwọn dúkìá tó kún inú ilé, n kò ní pẹ́ níbẹ̀. Ẹ wọ yàrá ìyá arúgbó kan. Lórí kọ́bọ́ọ̀dù ni páálí tẹlifíṣọ̀n wà, tẹlifíṣọ̀n náà ti bàjẹ́. Fírísà tí kò tutù mọ́ ti di ibi tí à ń kó ìwé sí. Abẹ́ bẹ́ẹ̀dì kún fún ike ọjọ́ ìbí, ike ìgbéyàwó, ike òkú, wọ́n dojú délẹ̀ lóríṣiríṣi. Nínú àpótí irin, aṣọ ẹbí tí ìyá rà láwìn, tó wọ̀ lẹ́ẹ̀kan. Bí ọmọ bá ní kí àwọn kó wọn fún ẹni tó nílò wọn, ìyá á bínú, ọmọ á sì rò pé ojúkòkòrò ni. Ẹ jókòó ti ìyá. Ẹ mú aṣọ kọ̀ọ̀kan, ẹ jẹ́ kó sọ ìtàn rẹ̀: ta ló ń ṣègbéyàwó lọ́jọ́ náà, ta ló jó, ta ló ti kú. Mo ti rí i pé lẹ́yìn tí wọ́n bá ti sọ ìtàn tán, tí ẹnì kan sì ti gbọ́ ọ, ìyá fúnra rẹ̀ ló máa ń sọ ẹni tí wọ́n máa kó o fún.

Ọ̀rọ̀ ẹbí ló le. Ẹ rìn gba Bẹẹrẹ n'Ìbàdàn kọjá, ẹ ó rí ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí páànù orí rẹ̀ ti dípẹtà, tí wọ́n fi ọ̀dà pupa kọ ọ́ sára ògiri pé ilé náà kì í ṣe títà. Kò ṣe é gbé, kò ṣe é tà. Ẹ̀gbọ́n àti àbúrò ti ń bá ara wọn yan odì lórí rẹ̀ láti ogún ọdún, àwọn ọmọ wọn sì ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ lórí WhatsApp láìjẹ́ kí òbí mọ̀. Ìdí ìjà náà kì í pọ̀: bàbá kú láìṣe ìhágún, ìyàwó sì ju ọ̀kan lọ. Àwọn kan ní ìdí-igi ni kí a fi pín ogún, kí ìdí ìyàwó kọ̀ọ̀kan gba ọgbọọgba. Àwọn tí wọ́n pọ̀ nídìí ìyá tiwọn ní orí-ò-jorí ni, kí ọmọ kọ̀ọ̀kan gba tirẹ̀. Irú ẹjọ́ yìí ni ẹjọ́ Dawodu àti Danmole, níbi tí bàbá kan l'Ékòó ti fi ìyàwó mẹ́rin àti ọmọ mẹ́sàn-án sílẹ̀. Ẹjọ́ náà lọ láti ilé-ẹjọ́ dé ilé-ẹjọ́ títí ó fi dé iwájú Privy Council, ilé-ẹjọ́ àṣekágbá ìgbà náà, ní London ní 1962. Ìdí-igi ló borí.

Adájọ́ lè pín ilẹ̀. Ohun tó ń dun ọmọ ìyá kò ṣe é pín ní kóòtù: pé nígbà tí bàbá ń ṣàìsàn, èmi ni mo gbé e lọ sílé ìwòsàn, ìwọ kò yọjú, pé níjọ́ òkú, o dá aṣọ tìrẹ láìsọ fún mi. Ẹni tó ru irú èyí kì í lè fi ẹnu ara rẹ̀ sọ fún ẹni tó ṣẹ̀ ẹ́. Bí a kò bá gbàgbé ọ̀rọ̀ àná, a kò ní rí ẹni bá ṣeré, lóòótọ́, ṣùgbọ́n àwọn àgbà tó pa òwe yìí kò fi ìgbàgbé sílẹ̀ fún ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ nìkan kó lọ dá a ṣe. Wọ́n ní onílàjà. Àgbà kan á lọ bá ẹ̀gbọ́n nílé, á gbọ́ tirẹ̀ títí dé ìsàlẹ̀ ikùn. Á lọ bá àbúrò. Lẹ́yìn náà ni yóò pe àwọn méjèèjì síwájú ènìyàn díẹ̀, a ó sọ ẹ̀bi fún ẹlẹ́bi, àbúrò á dọ̀bálẹ̀ tàbí kó kúnlẹ̀, ẹ̀gbọ́n á fà á dìde. A ti jẹ́ kí lọ́yà gba iṣẹ́ yìí lọ́wọ́ àwọn àgbà, a kò sì rántí pé lọ́yà kì í fa ènìyàn dìde nílẹ̀.

Ìbẹ̀rù ni mo fi sẹ́yìn, nítorí òun ló fara pamọ́ jù. Ní 1930, owó kòkó wó lulẹ̀ ní gbogbo ayé, owó orí ṣì wà lọ́rùn àgbẹ̀. Ọdún náà ni Joseph Ayọ̀ Babalọlá, ọmọ Ọ̀dọ̀-Ọwá, tó ti wa ẹ̀rọ ìtẹ̀nà fún PWD, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń ṣe ọ̀nà, tẹ́lẹ̀, bẹ̀rẹ̀ ìsọjí ní Òkè-Oòyè n'Íléṣà. Èrò ya bo ibẹ̀ láti ìlú dé ìlú, ti àwọn ti agbè omi lọ́wọ́. Ọ̀pọ̀ wọn kó òǹdè, ìgbàdí àti ère jáde, wọ́n kó wọn jọ, wọ́n sì dáná sun wọ́n. Ọ̀pọ̀ ère tó jóná nígbà náà jẹ́ iṣẹ́ ọwọ́ àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà tí kò sí irú wọn mọ́, ó sì ń dùn mí. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ọkùnrin tí òǹdè wà nídìí rẹ̀ láti kékeré kò lè dá a bọ́ sọnù nínú yàrá rẹ̀, torí kò mọ̀ bóyá aládùúgbò ti bọ́ tirẹ̀. Ojú gbogbo ènìyàn ni wọ́n ti bọ́ ọ, lọ́sàn-án gangan, tó fi ṣeé bọ́.

Ìbẹ̀rù náà ti padà gba ọ̀nà ẹ̀yìn wọlé. Ó ti lórúkọ mìíràn: májẹ̀mú ìdílé, ọ̀tá ilé, ọwọ́ ayé. Ọmọ kan kò ríṣẹ́, wọ́n ní àbúrò ìyá rẹ̀ ló di ọ̀nà mọ́ ọn. Láti ọjọ́ náà, kò jẹ oúnjẹ lọ́wọ́ obìnrin tó wẹ̀ ẹ́ nígbà tó wà lọ́mọ ọwọ́ mọ́. Wòlíì ń sọ ọ́, àáfà ń sọ ọ́, babaláwo ń sọ ọ́. Mi ò yọ ẹnikẹ́ni sílẹ̀. Àdúrà dára, èmi náà ń gbà á. Ìwọ̀n kan ni mo fi ń wọn ọ̀nà ìbẹ̀rù tí wọ́n bá là sílẹ̀ fún mi: lẹ́yìn tí mo bá tẹ̀ lé e, ṣé àwọn tí mo lè kí nínú ẹbí mi pọ̀ sí i ni, tàbí wọ́n dín?

Ẹ jẹ́ kí n mú èyí tó ń pani lára jù. Tọkọtaya kan bí ọmọ, ọmọ ń ṣàìsàn ṣáá, egungun ń ro ó, ojú rẹ̀ pọ́n bí àtàlẹ̀, ó kú. Èkejì tún rí bẹ́ẹ̀. Láyé àtijọ́, wọ́n á ní àbíkú ni. Lónìí, wọ́n á nawọ́ sí ìyá ọkọ pé àjẹ́ ni. Wọ́n á lé arúgbó kúrò lọ́dọ̀ ọmọ tó bí. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, jínótáìpù AS ni ọkọ, AS ni aya. Nínú oyún kọ̀ọ̀kan tí wọ́n bá jọ ní, ìdá kan nínú mẹ́rin ni pé kí ọmọ náà jẹ́ SS, kó ní àrùn fòníkú-fọ̀ladìde. Nàìjíríà ni orílẹ̀-èdè tí wọ́n ti ń bí ọmọ tó ní àrùn yìí jù lọ láyé. Nọ́ọ̀sì ti ṣàlàyé rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọkọ àti aya, ní kọ̀rọ̀, nínú yàrá kékeré, wọ́n sì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ìyá àgbà ṣì jẹ́ àjẹ́ lójú ẹbí. Gbangba ni wọ́n ti pe ìyá ní àjẹ́. Bí a bá fẹ́ bá a sọ ẹrù náà, gbangba ni kí nọ́ọ̀sì ti sọ̀rọ̀, níwájú ẹ̀gbọ́n, níwájú àna, níwájú ẹni tó kọ́kọ́ sọ ọ́, kí ọmọ sì dọ̀bálẹ̀ fún ìyá rẹ̀ níbẹ̀.

Ó kù sí ọwọ́ ẹ̀yin tí ẹ jókòó síwájú mi. Lórí ọ̀rọ̀ òkú tí mo fi bẹ̀rẹ̀, ẹ ní agbára kan tí àwọn ọmọ yín kò ní. Bí ọmọ bá ní òun kò ní pa màlúù, ahun ni. Bí ìyá bá fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́ pé kí wọ́n má pa màlúù fún òun, ta ló tó yí i padà? A kì í fi ọ̀rọ̀ tí olóògbé sọ níṣojú ẹlẹ́rìí ṣeré nílẹ̀ Yorùbá. Ẹ pe àwọn ọmọ. Ẹ pe àbúrò yín kan, ẹ pe ẹnì kan láti ìdílé ìyá, nítorí ibẹ̀ ni awuyewuye ti sábà ń wá, ẹ pe àlùfáà tàbí ìmáàmù yín. Ẹ sọ ọjọ́ mélòó tí ẹ fẹ́ kí wọ́n fi sin yín, ẹ sọ ibi tí ẹ fẹ́ kí wọ́n sin yín sí, ẹ sọ ọ́ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ yáwó nítorí òkú yín, kí ẹni tó bá fẹ́ dá aṣọ ra tirẹ̀. Bí àyè bá wà, ẹ sọ̀rọ̀ oògùn yín níbẹ̀ náà, kí wọ́n mọ iye tó ń jẹ lóṣù, kí wọ́n pín in láàárín ara wọn nígbà tí ẹ ṣì lè rí i.

Kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ má fi ìwé náà sínú àpótí pẹ̀lú ìwé ilẹ̀. Lẹ́yìn ìsìnkú ni wọ́n máa ń ṣí àpótí yẹn, gbèsè sì ti wọlé nígbà náà. Ẹ fún ọmọ kan ní ẹ̀dà, ẹ fún àbúrò yín ní ẹ̀dà, kí ẹ yan ẹni tí ẹnu rẹ̀ tó ọ̀rọ̀ nínú ẹbí, tí kò ní gbọ̀n bí àwọn àna bá ń kùn, òun ni yóò kà á. Kó kọ́kọ́ kà á lójú yín, kí gbogbo wọn gbọ́ pé ohùn yín ni.